Bí A Ṣe Ń Lé Kòkòrò Kúrò Lára Iyùn Nínú Táǹkì Omi Iyọ̀ ní Òṣogbo

Kòkòrò tó ń jẹ iyùn (ẹ̀dá alààyè inú òkun ni a ní lọ́kàn, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) kì í ti inú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú táǹkì. Lára iyùn tuntun ló ń bá wa wọlé: lábẹ́ òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ ìdí iyùn mọ́, nínú ihò òkúta, tàbí nínú omi inú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Ọ̀nà Èkó ni iyùn ń gbà dé Òṣogbo, kó sì tó kúrò ní Èkó, ó ti lè bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ iyùn mìíràn gbé inú omi kan náà. Kò sí olùtajà tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iyùn òun mọ́ pátápátá. Ẹni tó rà á ni yóò fọ̀ ọ́ mọ́.

Ohun kan ni kó wà lọ́kàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀: òògùn tí à ń rẹ iyùn sí ń pa kòkòrò tó ti jáde, kì í pa ẹyin. Ẹni tó rẹ iyùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó rí aràn tó bọ́ sílẹ̀, tó wá gbé iyùn náà sínú táǹkì ńlá lọ́jọ́ náà, ẹyin ló gbé wọlé. Kò ní pẹ́ kí àwọn iyùn tó kù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì ní mọ ibi tí wàhálà ti wá. Nítorí ẹyin yìí ni ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí fi gùn.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ wo iyùn nígbà tó ṣì wà nínú omi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yára yọ ọ́ sínú ọ̀rá fún yín. Ẹ wo ìdí rẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Ibi tí ẹran ara iyùn ti parí, tí egungun rẹ̀ ti hàn síta, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kòkòrò ń yé sí. Ẹ tan iná fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, nítorí iná ẹ̀gbẹ́ ló ń jẹ́ kí òjìji ohun kékeré hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo táǹkì olùtajà fúnra rẹ̀. Bí Aiptasia, ẹ̀dá òkun tó jọ òdòdó kékeré tó ń ta iyùn, bá wà lára òkúta rẹ̀, ẹ gbà pé ó wà lára gbogbo ohun tó ń tà. Ẹ lè rà á bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń gbé lọ sílé.

Ẹ béèrè ìwé pẹ̀lú. Iyùn olókùúta wà nínú Appendix II àdéhùn CITES (àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn), Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó kó iyùn wọlé lọ́nà ẹ̀tọ́ yóò ní ìwé tó lè fi hàn.

Fún ìrìn àjò Èkó sí Òṣogbo, inú kúlà tàbí páálí fóòmù ni kí ọ̀rá iyùn wà, kó sì wà níbi ìjókòó. Búùtù mọ́tò ń gbóná púpọ̀ lọ́sàn-án, iyùn tí ooru ti bà jẹ́ lọ́nà kò sì ní lè fara da òògùn tí ẹ fẹ́ rẹ ẹ́ sí.

Táǹkì àyẹ̀wò

Láìsí táǹkì kejì, kò sí bí ẹ ṣe lè borí ẹyin. Kò gbọ́dọ̀ tóbi: lítà 40 tó. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni pọ́ǹpù kékeré tó ń ru omi, hítà wáàtì 50, iná tó mọ níwọ̀n, kànìnkànìn fílítà kan, àti àwo ṣíṣí aláraihò tí ẹ ó to iyùn lé. Ẹ má da iyanrìn sí i, ẹ má kó òkúta sí i. Ìsàlẹ̀ dígí gbọ́dọ̀ ṣófo kí ẹ lè rí ohunkóhun tó bá ń rìn níbẹ̀. Bí ẹ bá lè lẹ bébà funfun mọ́ abẹ́ dígí láti ìta, ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí aràn tó ní àwọ̀ oyin yóò hàn gbangba.

Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ omi iyọ̀ òkun tí ẹ pò fúnra yín. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún táǹkì iyùn ni ẹ ó lò, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Gíráàmù 36 sí 38 fún lítà kan ni ọ̀pọ̀ irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà, nítorí náà lítà 40 ń gba bíi kílò kan àbọ̀. Ẹ fi pọ́ǹpù rò ó fún wákàtí 24, kí ẹ tó fi refractometer, ohun èlò tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, wọ̀n ọ́: 1.025 sí 1.026 ni à ń wá. Omi aláìníyọ̀ tí ẹ fi pò ó gbọ́dọ̀ ti inú ẹ̀rọ RO/DI (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi mọ́ pátápátá) jáde, kí ẹ̀rọ TDS (èyí tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi) sì ka òdo. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní ìgboro kò dọ́gba. Òmíràn mọ́ dáadáa, òmíràn kún fún ohun tí ojú kò rí, ẹ kò sì lè mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín àfi tí ẹ bá wọ̀n ọ́. Omi kànga àti ti bọ́họ̀ọ̀lù kò ṣe é lò láìsẹ́, omi odò Òṣun kò tilẹ̀ kan ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Kànìnkànìn fílítà nílò kòkòrò àrùn rere kó tó lè ṣiṣẹ́. Bí táǹkì ńlá yín bá mọ́, ẹ fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó gbé e wá. Bí Aiptasia bá ti wà nínú táǹkì ńlá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ra kòkòrò àrùn rere tí wọ́n ń tà nínú ìgò. Omi lítà mẹ́rin ni kí ẹ máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa fi omi aláìníyọ̀ dí ohun tó bá gbẹ lójoojúmọ́. Táǹkì kékeré ń gbẹ kíákíá ní oṣù kejì àti ìkẹta, iyọ̀ rẹ̀ á sì ga láìjẹ́ pé ẹ fura.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì, síríǹjì, ọ̀pá àti àwọ̀n táǹkì àyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ dé inú táǹkì ńlá láé. Ẹ fi téèpù pupa sàmì sí wọn.

Bí a ṣe ń rẹ iyùn

Ẹ ra òògùn tí wọ́n dìídì ṣe fún iyùn, kí ẹ sì lo ìwọ̀n tó wà lára ìgò rẹ̀. Oríṣi tó jẹ́ ti òróró ewéko ló dára jù fún aràn àti ìgbín tí kò ní ìkarawun. Èyí tó jẹ́ ti áyódínì wúlò fún ọgbẹ́ àti àrùn tó ń mú kí ara iyùn jẹrà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò le tó lórí aràn. Bí irú iyùn kan bá jẹ́ tuntun sí yín, ẹ fi ìdajì ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀ka kékeré kan. Xenia, irú iyùn rírọ̀ kan, kì í fara da òògùn rárá, ẹ fi ojú àti síríǹjì nìkan tọ́jú rẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i dájú pé iná wà tàbí pé ínfátà ti gba iná. Iyùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òògùn jáde nílò omi tó ń yí àti omi tí ooru rẹ̀ dúró sójú kan. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, tí pọ́ǹpù sì dákẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, iyùn á kú, ẹ̀yin á sì rò pé òògùn ló pa á.

1. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá iyùn léfòó lórí omi táǹkì àyẹ̀wò fún 20 ìṣẹ́jú kí ooru méjèèjì lè dọ́gba.

2. Ẹ to abọ́ funfun mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ bu lítà méjì omi iyọ̀ tuntun sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ooru rẹ̀ wà láàárín 25 sí 26°C. Àkọ́kọ́ ni ti òògùn. Méjì tó kù ni a ó fi ṣan iyùn. Abọ́ aláràbarà kò wúlò níbí, kòkòrò á sá pamọ́ sí ara àwọ̀ rẹ̀.

3. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú. A ó sọ ìdí rẹ̀ níbi tí a bá ti dé orí zoa, irú iyùn rírọ̀ kan tí kò ní egungun.

4. Ẹ gé iyùn kúrò lára òkúta ìdí rẹ̀. Èyí ni ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun náà ló sì ń kó wọn sí wàhálà. Ihò abẹ́ òkúta yẹn ni ẹyin, ìsáwùrú kéékèèké àti ọmọ Aiptasia ń fi ṣe ilé. Bí iyùn bá jẹ́ ẹlẹ́ka, ẹ fi ọ̀bẹ ìgé egungun gé e ní mìlímítà 5 sókè ibi tí ẹran ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí egungun òkú má bàa bá a lọ. Ẹ sọ òkúta náà nù bí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ní ìparí.

5. Ẹ fi iyùn sínú òògùn fún iye ìṣẹ́jú tí ìgò sọ, tó sábà máa ń jẹ́ 5 sí 10. Ní gbogbo àkókò náà, ẹ máa fi síríǹjì ńlá, oní mìlílítà 60 tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, fẹ́ omi inú abọ́ mọ́ ọn láti gbogbo ìhà. Òògùn ń mú kí aràn rọ, atẹ́gùn omi ló ń já a bọ́. Ẹni tó kàn rẹ ẹ́ sílẹ̀ tó lọ jókòó kò tíì ṣe iṣẹ́.

6. Ẹ wo ìsàlẹ̀ abọ́ pẹ̀lú awò tó ń mú nǹkan tóbi. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni yóò sọ bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò ṣe rí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

7. Ẹ ṣan iyùn nínú abọ́ kejì fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tún ṣan án nínú ìkẹta.

8. Ẹ wá ẹyin. Ẹ yí iyùn po lábẹ́ iná. Ibi tí ẹ bá rí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín líle ha á kúrò, tàbí kí ẹ fi súpà gúlù bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹyin tí gúlù bá bò kò ní lè pa ọmọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ lẹ iyùn mọ́ òkúta ìdí tuntun.

9. Ẹ gbé e sórí àwo nínú táǹkì àyẹ̀wò, kí iná rẹ̀ wà ní ìdajì fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi inú ọ̀rá àti omi òògùn kò gbọ́dọ̀ kan táǹkì kankan.

Kàlẹ́ńdà ẹyin

Kò sí ọ̀nà àbùjá níbí. Ẹ ó tún rẹ iyùn náà ní ọjọ́ méje-méje fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí omi yín bá wà ní 25 sí 26°C. Bí omi bá ń gbóná dé 28°C, tó sì rọrùn kó dé bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo bí ọwọ́ oòrùn bá ti le, ẹ máa rẹ ẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún, nítorí ooru ń mú kí ẹyin tètè pa, ọmọ tó jáde á sì tètè dàgbà débi tí òun náà á fi yé. Ohun tí à ń lé ni pé kí a mú ọmọ tuntun kó tó yé ẹyin tirẹ̀. Bí ẹ bá ti jẹ́ kó yé, a ti padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní alẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, wákàtí kan lẹ́yìn tí iná táǹkì ti kú, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti fi ọ̀rá pupa bò wo táǹkì náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, òru ni wọ́n ń jẹun, iná pupa kì í sì í tètè lé wọn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: aràn kan tí ẹ rí lálẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì sàn ju ogójì tí ẹ rí lóṣù kẹta lọ.

Ọjọ́ tí ẹ bá tún rí ẹyin tàbí kòkòrò kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ náà. Ó ń dunni, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka iyùn kan nínú lítà 40 ni ẹ ń tọ́jú báyìí. Bó bá wọ táǹkì ńlá, gbogbo iyùn yín ni ẹ ó máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aiptasia

Òun ló wọ́pọ̀ jù. Ó jọ òdòdó kékeré tí ara rẹ̀ ń dán gbinrin bíi dígí, àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, apá rẹ̀ gùn, ó sì ń fà wọ ihò kíákíá bí ọwọ́ bá kàn án. Apá yẹn ń ta iyùn tó bá wà nítòsí títí ara rẹ̀ á fi ṣí.

Ẹ má fi ọwọ́ fà á, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ẹran kékeré tó bá kù lára òkúta tàbí tó bá bá omi lọ lè di odindi tuntun. Ẹni tó fi ìbínú fọ́ ẹyọ kan lè rí mẹ́wàá kí oṣù tó parí.

Bí ó bá kéré níye, bíi ogún sísàlẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ pa á. Calcium hydroxide tó mọ́, èyí tí wọ́n ń tà fún táǹkì iyùn, ni à ń lò. Ẹfun ọjà kì í ṣe nǹkan kan náà, káún náà kọ́, láìmù tí àwọn bíríkìlà ń lò sì lè ní ìdọ̀tí tí yóò pa iyùn. Ẹ po ṣíbí ìmutíì méjì ìyẹ̀fun náà mọ́ ṣíbí kan omi RO, títí yóò fi ki bí ògì tí a kò tíì là. Ẹ fà á sínú síríǹjì mìlílítà 3, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tó gbòòrò sí i lẹ́nu. Ẹ pa gbogbo pọ́ǹpù. Ẹ rọra sún mọ́ Aiptasia láti òkè, kí ẹ dá nǹkan bíi ìdajì mìlílítà sí ẹnu rẹ̀ gan-an. Bí apá rẹ̀ bá fà wọlé, ẹ bo orí ihò náà mọ́lẹ̀. Ẹ dúró fún 15 ìṣẹ́jú kí ẹ tó tan pọ́ǹpù padà, kí ẹ sì fi síríǹjì mìíràn fa ìyẹ̀fun tó kù jáde.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìwà wàdùwàdù. Omi tí calcium hydroxide yọ́ sínú rẹ̀ títí kò fi lè yọ́ mọ́ ní pH (ìwọ̀n tó ń fi hàn bí omi ṣe kan tàbí bí kò ṣe kan) bíi 12.4. Bí ẹ bá da púpọ̀ sí táǹkì lítà 100 lọ́jọ́ kan, pH gbogbo omi á fò sókè, ẹja á sì kọ́kọ́ sọ fún yín. Márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́jọ́ kan tó. Ẹ wọn pH lẹ́yìn wákàtí kan. Bó bá ti ń sún mọ́ 8.5, ẹ dáwọ́ dúró títí di ọ̀la. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, mìlílítà kan nínú ara ẹyọ kan, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọ inú ara rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá ta sílẹ̀, omi ló ń gbé e lọ. Ẹ wọ awò ojú fún méjèèjì. Calcium hydroxide ń jó ojú.

Bí wọ́n bá ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ kò ní kápá wọn mọ́, ẹ̀dá tó ń jẹ ẹ́ ló kù. Edé peppermint, mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún táǹkì lítà 200, ń jẹ àwọn kéékèèké. Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń rà á: edé camel jọ ọ́, ṣùgbọ́n pupa tirẹ̀ le, ó ní àmì funfun láàárín ìlà rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ gẹ́gẹ́. Iyùn ni òun ń jẹ. Berghia, ìgbín kékeré tí kò ní ìkarawun, kì í jẹ ohun mìíràn àfi Aiptasia, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n edé peppermint àti ẹja wrasse lè jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ yan ọ̀kan, ẹ má kó wọn pọ̀. Ẹja copperband dára lójú, ó sì máa ń jẹ Aiptasia nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti bọ́, ọ̀pọ̀ ni ebi ń pa kú. A ò gba ẹni tí táǹkì rẹ̀ kò tó lítà 400 nímọ̀ràn pé kó rà á.

Zoa, àti májèlé tó wà nínú rẹ̀

Bí zoa bá dé ẹnu pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin láìsí ìdí, tí omi sì dára, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún ohun mẹ́ta. Ìkíní ni ìgbín aláìníkarawun tó ń jẹ ẹ́. Àwọ̀ zoa tó jẹ ló ń mú, nítorí náà ojú lè kọjá lára rẹ̀ nígbà márùn-ún kó tó rí i. Ẹyin rẹ̀ rọrùn láti rí jù ú lọ: òkùn funfun tó ká po, lára ọ̀pá zoa tàbí lábẹ́ òkúta. Ìkejì ni aláǹtakùn òkun, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń wọ inú ẹnu zoa fúnra rẹ̀. Ìkẹta ni ìsáwùrú tí wọ́n ń pè ní sundial, ìkarawun rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ká roboto, dúdú àti funfun gbá ara wọn lórí rẹ̀. Èyí kò nílò òògùn. Ẹ fi ọwọ́ ṣa á lálẹ́. Méjì àkọ́kọ́ ni rírẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wà fún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Àwọn zoa kan, pàápàá Palythoa, ní májèlé palytoxin. Lára Palythoa toxica ti Hawaii ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́tọ̀ ní 1971, ó sì wà lára májèlé ẹ̀dá tó le jù láyé. Nítorí náà ẹ má se òkúta tí zoa wà lára rẹ̀ nínú omi gbígbóná láé, kódà bó bá ti kú. Ooru ń gbé májèlé náà dàpọ̀ mọ́ ooru omi, gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ló sì lè mí i símú. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha zoa lókè omi, nítorí ohun tó bá ta lè wọ ojú. Ẹ má fi ọwọ́ tó lọ́gbẹ́ fọwọ́ kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá ń mí pẹ̀lú ìnira, tí ara ń ro ó, tí ibà mú un, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ń korò bíi irin lẹ́yìn tó fọwọ́ kan zoa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ palytoxin fún dókítà. Bó bá wọ ojú, ẹ kọ́kọ́ fi omi mímọ́ ṣàn án fún 15 ìṣẹ́jú. Abọ́ tí ẹ fi rẹ zoa kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdáná, kí ọmọdé má sì sí nítòsí.

Aràn Acropora àti ìgbín Montipora

Prosthiostomum acroporae ni orúkọ aràn tó ń jẹ Acropora, iyùn olókùúta ẹlẹ́ka. 2011 ni wọ́n tó kọ ìtúmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń ba táǹkì jẹ́ kó tó dìgbà náà. Ó pẹlẹbẹ, ó sì mú àwọ̀ iyùn tó wà lórí rẹ̀ débi pé ẹ kò ní rí i. Ojú eyín rẹ̀ ni ẹ ó rí: àmì róbótó funfun tí kò ju mìlímítà kan lọ, tí wọ́n tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìsàlẹ̀ ẹ̀ka sókè. Ẹyin rẹ̀ máa ń wà lójú kan, àwọ̀ oyin, lórí egungun tí ẹran ti kúrò. Fẹ́ síríǹjì mọ́ ẹ̀ka tí ẹ fura sí nínú táǹkì, bí nǹkan pẹlẹbẹ bá bọ́, òun ni.

Bí ó bá ti dé táǹkì ńlá, gbogbo Acropora gbọ́dọ̀ jáde lọ sí táǹkì àyẹ̀wò, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Aràn yìí kò ní ohun mìíràn tí yóò jẹ, nítorí náà táǹkì ńlá tí kò ní Acropora fún oṣù méjì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀ka kan ṣoṣo sílẹ̀ nítorí pé ó lẹ̀ mọ́ òkúta, asán ni gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ìgbín Montipora funfun, kò gùn ju mìlímítà mélòó kan lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ohun gbọ́rọ́gbọ́rọ́ tó dúró ṣánṣán. Abẹ́ iyùn Montipora tó tẹ́ bí àwo ló ń gbé, láti etí ló ti ń jẹ ẹ́ wọlé. Ọ̀nà kan náà la fi ń kojú rẹ̀. Ẹja wrasse onílà mẹ́fà tàbí melanurus ń ṣa àwọn tó ń rìn ní ọ̀sán, ó sì wúlò bíi ẹ̀ṣọ́. Wọn kì í jẹ ẹyin. Melanurus nílò iyanrìn tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún láti sùn sí.

Kòkòrò pupa tó ń gun Acropora, Tegastes acroporanus, kò ju ìdajì mìlímítà lọ: ara rẹ̀ yẹ́lò, ó ní àmì pupa kan. Òògùn tó ń pa á ń pa edé àti akàn pẹ̀lú. Táǹkì àyẹ̀wò ni kí ẹ ti lò ó.

Aràn pupa tó ń bo gbogbo nǹkan

Èyí kì í jẹ iyùn. Ó ń bò ó mọ́lẹ̀ ni, kí ìmọ́lẹ̀ má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí irin tó dógùn-ún, gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́ta mẹ́rin lọ, ó ní ìrù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn. Ewu rẹ̀ wà nínú ikú rẹ̀: bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá kú lọ́jọ́ kan, májèlé tó ń tú jáde lè pa gbogbo ẹja inú táǹkì.

Nítorí náà, fífà ló ṣáájú òògùn. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, mìlímítà mẹ́fà, fà wọ́n jáde sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù dè lẹ́nu, kí omi lè padà. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí ó fi ku díẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ ó lo òògùn aràn pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún táǹkì iyùn. Kí ẹ tó dà á sí i, kí omi iyọ̀ tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta omi táǹkì ti wà ní pípò, kí èédú fílítà tuntun sì ti wà nítòsí. Bí aràn bá ti ń rọ, ẹ máa fà wọ́n. Lẹ́yìn iye àkókò tí ìgò sọ, ẹ fi èédú sí i, kí ẹ pààrọ̀ omi náà. Èédú tí a fi ń yan bọ̀ọ̀lì kò lè ṣiṣẹ́ yìí.

Vermetid

Ìsáwùrú yìí ń kọ́ ihò líle sára òkúta, ó sì ń na òwú ikun jáde láti fi mú oúnjẹ. Òwú yẹn ń bí iyùn nínú, á sì pa ẹnu dé. Ẹ fi ẹ̀mú fọ́ ihò náà títí dé ìdí, tàbí kí ẹ fi súpà gúlù dí ẹnu rẹ̀. Kí ẹ dín oúnjẹ oníyẹ̀fun kù pẹ̀lú. Láìsí ìyẹn, wọ́n á máa bí sí i.

Àwọn tí à ń fẹ̀sùn kàn láìjẹ̀bi

Ekòló onírun tí ẹ ń rí lálẹ́, òkú ẹja àti àjẹkù oúnjẹ ló ń jẹ. Bí ẹ bá rí i lórí iyùn tó ń kú, iyùn náà ti ń kú tẹ́lẹ̀. Ìràwọ̀ òkun kékeré Asterina, ewé ara dígí ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń jẹ. Bí ẹ bá rí i lórí zoa ní alẹ́ mẹ́ta léraléra, ẹ yọ àwọn yẹn. Akàn onírun tí ẹnu èékánná rẹ̀ dúdú ni kí ẹ má fojúure wò. Ẹ fi ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi edé sí dẹ pàkúté fún un lóru.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀

Òògùn ẹja tó ní kọ́pà ń pa iyùn, edé àti ìgbín, ó sì ń lẹ̀ mọ́ òkúta fún oṣù púpọ̀. Ota-piapia àti òògùn ẹ̀fọn tí a ń fín kò gbọ́dọ̀ wọ iyàrá tí táǹkì wà, nítorí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń fa afẹ́fẹ́ yàrá lọ tààrà sínú omi. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fín ilé, ẹ pa pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ nìkan, ẹ fi aṣọ tútù bo táǹkì, ẹ sì ṣí fèrèsé fún wákàtí méjì kí ẹ tó tan án. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́bàá fèrèsé náà.

Fáànù tábìlì tó ń fẹ́ sórí omi ń mú ooru wálẹ̀ ní ìwọ̀n 2 sí 3°C. Nígbà tí ẹ bá ń rẹ iyùn lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ìyẹn pọndandan, nítorí òògùn àti omi 30°C papọ̀ ló ń pa iyùn tó ti rẹ̀.

Omi òògùn tó kù, ẹ dà á sínú ṣaláńgá, kò gbọ́dọ̀ dé gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí odò. Odò Òṣun ni ọ̀pọ̀ gọ́tà ìlú yìí ń wá bá, igbó rẹ̀ sì wà lára ogún àgbáyé UNESCO láti 2005. Òkúta ìdí tí ẹ gé kúrò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ da bílíìṣì sí, ìdá kan bílíìṣì sí mẹ́sàn-án omi, fún wákàtí 24 ní ìta gbangba, kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Èyí tí zoa bá ti wà lára rẹ̀, ẹ má ha á, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ fi ọ̀rá méjì dì í bó ṣe wà, kó bá pàǹtírí lọ.